Wọ́n Ní Ilé Ti Kún

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tó jí lónìí tó rí oòrùn, kó dúpẹ́. Ẹni tó jí tó sì rí ẹni kí òun káàárọ̀, kó tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó fi ẹ̀jẹ̀ kan náà dá gbogbo ènìyàn, tí kì í béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni kó tó rọ òjò sí oko rẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá fún yín, àmọ́ ìfura ló bí ìfẹ́ náà, ìfura náà ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹ fara balẹ̀, kí a jọ lọ sí Ìwó.

Ohùn ni Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ojú.

Ilé ìtura Alhaji Mùrí ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Òun ló máa ń jókòó sẹ́yìn káńtà láti gba àlejò. Lára ògiri, lẹ́yìn orí rẹ̀, ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ àwọn yàrá kọ́ sí, bí fáànù bá sì ti fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, wọn a máa dún ṣinrinṣinrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, fóònù ilé ìtura dún.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí yàrá kan di ọ̀la? Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi ní ọsibítù níhìn-ín ni. Dókítà ní kí a padà wá láàárọ̀ ọ̀la kí òun wo ojú náà, ọ̀nà ilé wa lẹ́yìn Kuta kò sì ṣeé gbà nínú òjò yìí.”

“Yàrá wà, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Kí ni orúkọ yín?”

“Hussain. Ẹ jọ̀ọ́, ti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún wa. Ìyá mi kò gbẹ́kẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Ó ní ohunkóhun tí kì í bá ṣe ilẹ̀, irọ́ ni.”

Sọ̀fíyàt bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá Ìwó pọ́ńbélé ni ọkùnrin náà ń sọ, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi inú àmù. Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rí i pé òun ń tún ìbòrí òun ṣe níwájú díńgí. Ó bi ara rẹ̀ pé, “Sọ̀fíyàt, ṣé nítorí ohùn lásán ni?”

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Kẹ̀kẹ́ já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn Sọ̀fíyàt sì já pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, ó pupa, imú rẹ̀ gún. Ìyá arúgbó tó fà lọ́wọ́ di irun bí àwọn Fúlàní ti ń di tiwọn, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Báńdéèjì funfun bo ojú rẹ̀ kan, èkejì kò sì ríran dáadáa.

Àṣẹ Alhaji sì wà nílẹ̀ látìgbà tí ìròyìn ajínigbé ti gba ojú ọ̀nà kan. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé, “Fúlàní kankan ò gbọdọ̀ sùn sílé mi. Ẹ ní ilé ti kún. Ẹ má bá wọn jiyàn.”

“Ẹ má bínú, sà,” ni Sọ̀fíyàt wí. “Ilé ti kún.”

Hussain wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo ògiri.

“Ṣé kì í ṣe ìwọ la jọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀ṣọ́ ni ẹ fi wọ́n ṣe?”

Sọ̀fíyàt dorí kodò. Ìyá arúgbó fọwọ́ kan apá ọmọ rẹ̀. “Kí ni ọmọ náà wí?”

“Ó ní ilé wọn ti kún, Ìyá.”

Ìyá tẹ́tí sílẹ̀. Fáànù ń yí. “Àlùhámúdù lílàì,” ni ó wí. “Kí Ọlọ́run máa bá wọn kún un. Kí ilé náà má ṣófo láé.” Ó sì yí padà, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà, wọ́n bọ́ sínú òjò.

Oríṣiríṣi èébú ni Sọ̀fíyàt ti gbọ́ lẹ́yìn káńtà yẹn. Kò sí èyí tó dùn ún tó àdúrà yìí.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìwé ilé ẹjọ́ gíga fi dé sọ́wọ́ Alhaji Mùrí. Hussain ti gba lọ́yà. Ó ní wọ́n fi ẹ̀yà òun dá òun padà nílé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, pé wọ́n tẹ iyì òun àti ti ìyá òun mọ́lẹ̀. Alhaji kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló bínú. Ó lọ búra nílé ẹjọ́ pé yàrá kankan kò ṣófo lọ́jọ́ náà. Ó wá pe Sọ̀fíyàt.

“Ìwọ náà, bí wọ́n bá bi ọ́, ilé kún. Ṣé o gbọ́? Ọmọ mi lo jẹ́. Èmi àti bàbá rẹ jọ kọ wàláà kan náà nílé kéú ni.”

Òótọ́ ni. Abdulsobur, bàbá Sọ̀fíyàt, kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn tó ju Alhaji lọ. Sọ̀fíyàt kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sọ nílé pé òun fẹ́ máa ran Àǹtí Àgbékẹ́ lọ́wọ́. Àgbékẹ́ ni àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ lọ́jà Odò-Ọ̀rì.

Ibẹ̀ ni Hussain ti tún yọ sí i, ó wá ra ìró fún ìyá rẹ̀. Ó rí Sọ̀fíyàt, ó dúró gbọn-in.

“Ṣé ìsọ̀ yìí náà kò tíì kún?” ni ó wí.

Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ sáàárín ìdì aṣọ. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Hussain sún sẹ́yìn. “Ta ló rán ọ sí mi? Ṣé Alhaji ni, kí n lè gbé ẹjọ́ kúrò?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Gbogbo ẹni tó ń wá bẹ̀ mí látọjọ́ yìí ló ní kò sẹ́ni tó rán òun.”

Àgbékẹ́ bọ́ sáàárín wọn. “Ọmọkùnrin, ìwọ lo wá bá a ní ìsọ̀, kì í ṣe òun ló wá bá ọ. Àbí wọ́n rán ìsọ̀ mi náà ni? Jókòó, kí o yan aṣọ. Bínú tán kí o tó ná an, nítorí ẹni tó ń bínú kì í ná ọjà dáadáa.”

Ẹ̀rín fẹ́ gbé Hussain, ó gbé e mì. Sọ̀fíyàt bi í léèrè ibi tí wọ́n sùn lọ́jọ́ yẹn.

“Orí bẹ́ǹṣì, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Dókítà ti kìlọ̀ fún Ìyá pé kò gbọdọ̀ sunkún nítorí ojú náà. Ó sunkún.” Ó yan aṣọ, ó lọ.

Àgbékẹ́ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀nà. “Háà, Sọ̀fíyàt! Ẹni tí o lé kúrò nílé onílé, ṣé òun náà lo wá fẹ́ tẹ̀ lé lọ sílé tirẹ̀?”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.”

“N kò wí nǹkan kan. Aṣọ ni mo ń ká.”

Hussain padà wá. Ó ní ìyá òun ní kí òun wá ra gèlè tó bá ìró náà mu. Ó tún padà wá, kò sì rí irọ́ kankan pa mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni Sọ̀fíyàt mọ̀ pé tíṣà ìṣirò ni ní Olúpọ̀nnà, pé gáà Fúlàní tí wọ́n bí i sí lẹ́yìn Kuta ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ tó ti kú sí. Ó mọ̀ pé tí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, kì í lọ sókè. Ní ọjọ́ tí kò bá pè é, Sọ̀fíyàt a máa gbọ́ kí fóònù dún nígbà tí kò dún.

Ṣùgbọ́n ìfura kò jẹ́ kí ìfẹ́ náà rí ibi sùn sí. Hussain kò yé fura pé Alhaji ló rán an. Bí Sọ̀fíyàt bá béèrè ibi tí ẹjọ́ dé, a wò ó wòòò kó tó dáhùn. Sọ̀fíyàt náà ní ìfura tirẹ̀. Lọ́yà Hussain, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmídayọ̀, ti kọ orúkọ Sọ̀fíyàt mọ́ àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n fẹ́ pè. Ó sì ti kìlọ̀ fún Hussain níṣojú Sọ̀fíyàt pé, “Ẹ má tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí o. Ọjọ́ tí ẹ bá tọrọ rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ di ẹ̀rí àfẹ́sọ́nà. Wọn á ní ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe òótọ́.”

Mujeebah, ìyá Sọ̀fíyàt, ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá sí ọ̀rọ̀ náà nílé. Ó ń bẹ́ gbágùúdá lọ́wọ́ ni. “Mo gbọ́ pé ọmọ Fúlàní kan ń yọ́ wá sí ìsọ̀ Àgbékẹ́. Ìwọ ọmọ yìí, lajú rẹ. Ọkùnrin tó ń bá ọ̀gá rẹ àtijọ́ ṣẹjọ́ ló wá sọ pé òun fẹ́ràn rẹ? Ẹ̀rí ló ń fẹ́, kì í ṣe ìyàwó. Bó bá ti gba ẹ̀rí tán lẹ́nu rẹ, ìgbà náà lo máa mọ ibi tí gáà wọn kọjú sí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó kírun, ó gbàgbé ráká tó wà. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ purọ́ fún ọkùnrin náà? Bí ó bá wá san án padà, ta ni òun fẹ́ fi sùn?

Nígbà tí Hussain tún wá, Sọ̀fíyàt kò jẹ́ kó jókòó.

“Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí n kò bá jẹ́rìí, ṣé ẹ ṣì máa wá sọ́dọ̀ bàbá mi?”

Ohùn Hussain lọ sílẹ̀. “Ta ló rán ọ láti bi mí ní ìbéèrè yìí?”

“Ẹ tún bẹ̀rẹ̀!” Omijé bọ́ lójú rẹ̀. “Kò sí ohun tí mo máa sọ tí ẹ kò ní wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Alhaji dúró síbẹ̀. Èmi náà ò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan lẹ́nu yín kí n má gbọ́ ohùn lọ́yà nínú rẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ fẹ́ ara wa?”

Hussain yọ fóònù rẹ̀, ó pe lọ́yà níwájú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ Lọ́yà, ẹ yọ orúkọ Sọ̀fíyàt kúrò nínú àwọn ẹlẹ́rìí… Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn… Mo mọ̀ pé a lè pàdánù. Àwọn ènìyàn mi ń lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.” Igbe lọ́yà ń jáde látinú fóònù bí ti adìẹ tó rí àṣá. Hussain pa á. “Ó tán. Tí mo bá pàdánù ẹjọ́, n kò gbọdọ̀ pàdánù méjèèjì.”

Àgbékẹ́ tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ fi etí aṣọ nu ojú.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá lóòótọ́. Abdulsobur gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sì fún wọn ní èsì. Àgbẹ̀ ni, màlúù ti jẹ àgbàdo rẹ̀ rí títí dé pòròpórò. Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́, kò sì mọ ẹni tó ni màlúù náà dòní.

“Kìbùlà kan náà la jọ ń kọjú sí kírun, Bàbá,” ni Sọ̀fíyàt wí.

“Ẹni tó jẹ àgbàdo mi náà lè máa kọjú sí i,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. “Nílé yìí, a kì í fọmọ fún ènìyàn láìṣe ìwádìí. A ó ṣe ìwádìí.”

Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí. Bí ìdílé bá ń ṣe ìwádìí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, wọn a rán èèyàn lọ wo ilé rẹ̀, wọn a sì pe ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè kò gbọdọ̀ purọ́. Bí ó bá purọ́, tí ilé ọmọ ọlọ́mọ wá dàrú, ẹ̀san yóò yà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀. Àgbékẹ́ ni wọ́n rán. Ẹni tí Abdulsobur pè láti jẹ́rìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alhaji Mùrí.

Wọ́n pé jọ sí yàrá ìgbàlejò lọ́sàn-án. Sọ̀fíyàt dúró sẹ́yìn kọ́tìnì pẹ̀lú omi tí wọ́n ní kó gbé wá, kò lè wọlé, kò lè padà.

Àgbékẹ́ ló kọ́kọ́ jíṣẹ́. “Mo dé gáà wọn bí ẹni tó wá ra wàrà. Wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọ́n fún mi ní fùrá, mo mu ún tán kí wọ́n tó bi mí pé ta ni mí. Mo dé Olúpọ̀nnà. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ jí ìwé wò nínú ìdánwò. Ní ti àgbàdo yín, ẹ̀gbọ́n mi, mo béèrè. Màlúù wọn kò rékọjá ẹ̀yìn Kuta rí.”

“Mùrí, ìwọ ńkọ́?” ni Abdulsobur wí. “Ọmọ mi ni wọ́n ń tọrọ. Sọ ohun tí o mọ̀.”

Alhaji tún fìlà dé. “Abdulsobur, n kò ní tàn ọ́. Fúlàní ni Fúlàní ń jẹ́. Èmi tí o ń wò yìí, lọ́jọ́ tó mú ìyá rẹ̀ wá sí ilé ìtura mi, tí yàrá ṣófo bí ikùn aláààwẹ̀, ṣé mo gbà á? Àṣẹ mi ti wà nílẹ̀: kí wọ́n lé e! Ẹni tí èmi kò lè fún ní yàrá fún ọjọ́ kan, ṣé òun ni ìwọ fẹ́ fún lọ́mọ títí ayé?”

Ó wo gbogbo wọn yíká, bí ẹni tó ti pa ẹran tó tóbi. Kò sẹ́ni tó kí i.

“Kí lo wí nípa yàrá?” ni Abdulsobur béèrè.

“Mo ní… mo ní mi ò gbà á.”

“O ní ó ṣófo. Mùrí, ìwọ lo wá bá mi níbí nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ dé. O ní ilé kún, o ní ọmọ Fúlàní fẹ́ fi irọ́ gba ilé rẹ. Mo dìde ní mọ́ṣáláṣí, mo ní kí àwọn jàmáà bá ọ gbàdúrà, wọ́n ń purọ́ mọ́ ọ.”

“Háà, ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyẹn! Èyí tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni.”

“Ṣé Ọlọ́run tó wà nílé ẹjọ́ yàtọ̀ sí Ọlọ́run tó wà nílé ni?” Abdulsobur kò wo ẹ̀yìn. “Sọ̀fíyàt! Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Wọlé.”

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, omi ń dà sílẹ̀ látinú ife.

“Lọ́jọ́ náà, ṣé ilé kún?”

Alhaji ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. “Kò kún, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ògiri. Èmi ni mo lé wọn jáde, n kò sì lè sọ fún yín.”

Abdulsobur gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. “Ìwádìí ti parí,” ni ó wí. “N kò tíì fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí o. N kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tí etí mi gbọ́ nínú ilé mi, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi, n kò lè sọ pé n kò gbọ́.”

Abdulsobur fúnra rẹ̀ ló lọ bá lọ́yà Tèmídayọ̀, ó sì lọ búra nílé ẹjọ́ láti jẹ́rìí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fún Hussain ní àṣẹ kan. “Títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ rí ara yín, n kò sì ní gba ohun ìdáná lọ́wọ́ yín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi ẹ̀rí ra àna.”

Báyìí ni ìfẹ́ wá gbààwẹ̀. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Sọ̀fíyàt ń ká aṣọ, ó ń tú u. Ìfura tó ti rò pé ó kú a tún máa yọ́ wá bá a: ní báyìí tí ó ti rí ẹ̀rí mìíràn, kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe? Àgbékẹ́ ló máa ń rí Hussain, a sì máa padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Ó ní kí n kí ọ.” Sọ̀fíyàt a gba ìkíni náà, a máa tú u wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ.

Ọjọ́ tí wọ́n bi bàbá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́, lọ́yà Alhaji dìde. “Bàbá, ṣé ọmọ yín kọ́ ló fẹ́ fẹ́ ọkùnrin yìí?”

“Òun fẹ́,” ni Abdulsobur wí. “Èmi kò tíì fẹ́.” Ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín, adájọ́ pàápàá bojú.

Lọ́yà yẹn ní ìjọba nìkan ni òfin tó ka ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ dè, pé onílé ló lè yan àlejò rẹ̀. Tèmídayọ̀ dáhùn pé ẹni tó gbé pátákó síta, tó pe gbogbo arìnrìn-àjò, kò lè máa fi àwọ̀ ara ṣa wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Pé òfin ilẹ̀ wa fún gbogbo ènìyàn ní iyì, kò sì sọ pé kí ẹni tí kì í ṣe ìjọba máa tẹ iyì náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ìdájọ́ dé, adájọ́ ní wọ́n tẹ iyì Hussain àti ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pa àṣẹ Alhaji rẹ́. Ó ní kí ó san owó gbà-má-bínú, kí ó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ wọn ní gbangba.

Alhaji lọ sí gáà. Àgbékẹ́ tó tẹ̀ lé e sọ pé wọ́n fún un ní ìjókòó àti fùrá kí ó tó la ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdájọ́ náà gan-an, Hussain dé ẹnu ọ̀nà Abdulsobur, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sí ẹjọ́ mọ́, kò sí ẹ̀rí tó ń wá mọ́, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt tó lè fún un ju ara rẹ̀ lọ. Ó sì wá. Sọ̀fíyàt wò ó láti ojú fèrèsé, ohun tó ti di lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà òjò sì tú.

“Dìde,” ni Abdulsobur wí. “Ṣé o mọ àgbàdo í gbìn?”

“Ẹ máa kọ́ mi, sà.”

Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì, àwọn ẹbí ọkọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá nílò ibi tí wọ́n máa sùn. Ilé ìtura Alhaji Mùrí ni Hussain mú wọn lọ. Alhaji fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn káńtà, ojú tì í díẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀ lé ìyá ọkọ lọ́wọ́. Humairah ni ìyá náà ń jẹ́, ojú rẹ̀ sì ti là. Ó mi kọ́kọ́rọ́ náà létí. Ṣinrin.

“Ohùn yìí ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn,” ni ó wí.

Sọ̀fíyàt tó dúró tì í dà bí ẹni tí omi tútù dà sí lórí. “Màmá, ẹ gbọ́ ọ? Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa?”

“Ojú ni wọ́n dì fún mi, wọn kò di etí mi.”

“Ẹ sì ṣàdúrà fún wa.”

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀, ó ń rọra lọ sí yàrá. “Kí ni ǹ bá ṣe? Ìwọ lo dúró síbẹ̀. Bí mo bá ṣépè, ṣé ìwọ kọ́ ni ìbá bá? Níbo ni ǹ bá ti rí ìyàwó fún ọmọ mi?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó bá mi dé ibí, kí Olúwa má jẹ́ kí a pa ilẹ̀kùn dé mọ́ yín níbi tí àyè wà. Kí ẹ má lé ẹni tó gbé ìbùkún yín lọ́wọ́ wá. Ẹni tí Ọlọ́run yàn fún yín, ìfura kò ní jẹ́ kí ẹ kọjá lára rẹ̀. Kí ilé yín kún fún ènìyàn, kí ọkàn yín sì máa ní àyè fún àlejò. Àmín.